Gáàsì nínú búùtù: Ará Ìbàdàn, ṣé oúnjẹ lẹ gbé ni àbí ikú?

Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí iná mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú títì, Agbowó tó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn á di ọjà òru. Oní-shawarma ń yí ẹran níwájú iná, ìyá tó ń se Indomie ń fọ́ ẹyin sínú abọ́, ẹni tó ń dín púfúpúfú kò ráyè gbé ojú sókè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á tò bẹẹrẹ, ebi ń pa wọ́n, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Àsìkò yìí gan-an ni iná gáàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fìrìfìrì. Kí onítọ̀hún tó sọ pé kí ló dé, ó ti kú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìyẹ̀fun ti wú, òróró ti gbóná, èèyàn mẹ́wàá ti sanwó sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sì ti tìlẹ̀kùn. Oníbàárà tí ebi ń pa kò mọ ẹni tó ń jẹ́ sùúrù. Yóò gba owó rẹ̀, yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì, ó sì lè má padà wá mọ́ láéláé. Owó lọ, ọjà bàjẹ́, oníbàárà tún sá lọ.

Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò tó bá gbọ́n fi máa ń ní sílíńdà méjì. Ọ̀kan ń jó, èkejì ń dúró dè é, bí mọ́tò ṣe máa ń ní táyà sípíà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ilé ní Bódìjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ilé-ìwé tó ń gbé yàrá kan. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń ronú ọ̀la. Sílíńdà sípíà dára púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: níbo ni wọ́n ń gbé e sí, báwo ni wọ́n sì ṣe ń gbé e rìn?

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Bódìjà, ní Ring Road tàbí ní Challenge fún wákàtí kan, ẹ ó rí ìdáhùn. Ọmọkùnrin kan á jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, sílíńdà á wà láàárín itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Èkejì á wà nínú búùtù takisí Micra, wọ́n á dà á dùbúlẹ̀ láàárín àpò gàrí àti agbọ̀n tòmátì. Ẹ̀kẹta á wà lábẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó láti Challenge, èèyàn méjìdínlógún á jókòó lé e lórí, kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ìdí òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ nídìí takisí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà á ní:

"Àǹtí, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Gáàsì ni, bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n òfìfo ni o, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ òfìfo, ẹ gbé e sí búùtù, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú lè yíjú padà pé, "Dírẹ́bà, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń gbé e."

Ojoojúmọ́ là ń gbé e! Gbólóhùn yìí ti rán èèyàn púpọ̀ sọ́run. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ ìrù ejò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò bù ú jẹ, kò túmọ̀ sí pé ejò náà kò ní eyín.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ IRIN NÁÀ?

Gáàsì tí a fi ń dáná jẹ́ àdàlù ohun méjì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní propane àti butane. Nínú sílíńdà, omi ni. Wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó fi di omi. Ẹni tó bá gbé sílíńdà mì yóò gbọ́ bó ṣe ń ṣe wọ̀ọ̀ wọ̀ọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí omi yìí bá ti rí ihò jáde, kíá ni yóò di afẹ́fẹ́, ife kan rẹ̀ yóò sì fẹ̀ tó ife igba àti àádọ́ta. Àyè tí ó ń wá nìyẹn, bí kò bá sì rí àyè, wàhálà dé.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Propane fi ìlàjì wúwo jù ú lọ, butane sì wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jò, kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi, á wọ abẹ́ ibùsùn, á wọ inú gọ́tà, á dúró sí ìsàlẹ̀ mọ́tò láàárín ẹsẹ̀ èrò. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé díẹ̀ lókè, tó rò pé ó ti lọ, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ohun kẹta ni òórùn. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan. Àwọn tó ń ṣe é ló ń fi oògùn olóòórùn búburú sí i kí imú lè tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n imú èèyàn a máa tètè mọ́ra. Ẹni tó bá ti jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ lè má gbóòórùn rẹ̀ mọ́, òun á sì máa wí pé ó ti lọ.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÓ DẸ́RÙ BA DÍRẸ́BÀ

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Gáàsì kì í gbiná ní ibikíbi tó bá ṣáà ti wà. Ó gbọ́dọ̀ pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó bá a mu. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ ibì kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, tí gáàsì bá kó nǹkan bí ọ̀nà méjì títí dé mẹ́wàá nínú rẹ̀, iná kékeré kan ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di àrá.

Inú mọ́tò kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ gbà ju lítà 3,000 afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ lítà 60. Ìyẹn kò tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì àtààbọ̀. Bí a bá wọn gáàsì tó lè di lítà 60 yìí, gíráàmù 150 péré ni, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sílíńdà tó wọ́pọ̀ ní ilé wa ń gba kílò 12.5. Ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú sílíńdà kan tó láti pa mọ́tò tó lé ní ọgọ́rin. Kódà èyí kékeré tó ń gba kílò 3, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé iná lé lórí tí wọ́n fi ń sebẹ̀, bí ìdá kan nínú ogún rẹ̀ bá jò sínú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Iná wo ni yóò wá gbé e? Bí dírẹ́bà bá yí kọ́kọ́rọ́ láti ṣáná sí mọ́tò, iná tíntìn-tín máa ń ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ojú kò rí. Ẹni tó ń mu sìgá ńkọ́? Wáyà mọ́tò tó ti bó, tí wọ́n fi rọ́bà dì, ńkọ́? Wọn ò níye.

Oòrùn Ìbàdàn náà tún wà níbẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn ọ̀sán ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n sì tì pa, lè gbóná ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kò ní lè gba irin inú rẹ̀. Bí gáàsì inú sílíńdà bá gbóná, omi rẹ̀ á wú, agbára tó fi ń ti irin á sì pọ̀ sí i. Ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ rọ sílíńdà kún dé ọrùn nìyẹn. Nǹkan bí ọ̀nà mẹ́rin nínú márùn-ún ni omi gáàsì máa ń gbà nínú rẹ̀, ìyókù jẹ́ àyè tí yóò wú sí. Oníbàárà tó ń bẹ ẹni tó ń rọ gáàsì pé "ẹ bá mi fi èènì sí i" kò mọ ohun tí òun ń tọrọ. Èènì gàrí dára, èènì gáàsì kò dára.

ÒFÌFO KÒ ṢÓFO

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí wọ́n kọ sára gbogbo takisí ní Ìbàdàn. Bí iná bá kú lórí sítóòfù, tí àǹtí wa sì sọ pé gáàsì ti tán, kò tán. Agbára tó ń tì í jáde ló ti dín kù. Afẹ́fẹ́ gáàsì ṣì kún inú irin náà.

Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó bá gbà pé òfìfo ni kì í ti orí rẹ̀ dáadáa. Á jù ú sínú búùtù bí igbá òfìfo, á dà á dùbúlẹ̀, á gbé ẹrù lé e. Ẹni tó gbé èyí tó kún ń ṣọ́ra, ẹni tó gbé òfìfo ń sùn. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa ṣọ́ra bákan náà.

Kí ló dé tí kò fi yẹ kí sílíńdà dùbúlẹ̀? Bó bá wà lóòró, afẹ́fẹ́ gáàsì ló wà lókè nítòsí ẹnu rẹ̀, omi sì wà nísàlẹ̀. Bó bá jò, afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde. Ṣùgbọ́n bó bá dùbúlẹ̀, omi gan-an ló dé ẹnu ọ̀nà. Bí omi bá jò, ife kan á di ife igba àti àádọ́ta lójú ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì dà bí ìyàtọ̀ láàárín òjò wẹliwẹli àti àgbàrá.

OJÚ TI RÍ NǸKAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìdẹ́rùbà lásán ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní, 2020, ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta gáàsì ní Sabon Tasha ní Kàdúná bú gbàù. Lára àwọn tó bá a lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam, ọ̀gá àgbà fún Nigeria Atomic Energy Commission. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Òun kọ́ ló ń ta gáàsì. Ó kàn wà nítòsí ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, 2020, ilẹ̀ mì tìtì ní Abúlé Àdó ní Èkó. Ilé wó, ilé-ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College bàjẹ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, sì wà lára àwọn tó pàdánù ẹ̀mí wọn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ NNPC sọ nígbà náà ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀nà páìpù epo. Ẹ ò rí i pé sílíńdà tó jókòó jẹ́ẹ́ kò ní wàhálà títí di ìgbà tí ohun kan bá kọlù ú. Sílíńdà tó wà nínú búùtù ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mọ́tò ni àwọn yòókù máa ń kọlù jù?

Ní ìlú Ìbàdàn níbí, ta ló lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní, 2024 ní Bódìjà? Ìyẹn kì í ṣe gáàsì o, kí á má parọ́ mọ́ ọn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ohun abúgbàù pa mọ́ sínú ilé kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo wa. Ilé kan ni wọ́n kó o sí, àdúgbò ló fọ́. Àwọn tó kú, àwọn tó fara pa, àwọn tí òrùlé wọn ṣí lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ohun kan wà nínú ilé aládùúgbò. Èrò inú takisí náà kò mọ ohun tó wà nínú búùtù.

BÍ ÀWỌN ARÁ ÒKÈ ÒKUN ṢE Ń GBÉ TIWỌN

Àwọn kan á ní ta ni kì í gbé gáàsì rìn láyé yìí, ṣé àwọn òyìnbó kì í gbé e ni? Wọ́n ń gbé e dáadáa. Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí wọ́n ń wọ́ lọ síbi ìsinmi. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, fìríìjì wà, propane sì ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀. Sílíńdà tó wọ́pọ̀ lára rẹ̀ ń gba pọ́n-ùn 20, ìyẹn nǹkan bí kílò 9. Pẹ̀lú gbogbo oge inú ilé náà, wọn kì í gbé sílíńdà wọ inú rẹ̀. Ìta ló máa ń wà, níwájú, lórí irin tí wọ́n fi so ilé mọ́ mọ́tò, lóòró, wọ́n á fi irin àti ìdè dì í mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Bí wọ́n bá ní sípíà, ẹ̀gbẹ́ ìkíní lòun náà máa ń dúró sí, nínú afẹ́fẹ́.

Òfin àbò tiwọn ni pé sílíńdà gbọ́dọ̀ wà níta, tàbí kí ó wà nínú àpótí tí kò sí ihò kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ inú ilé, tó jẹ́ pé ìta nìkan ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jáde sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí gáàsì tó wà lára irú ilé onítáyà bẹ́ẹ̀ máa ń ní ihò nísàlẹ̀. Kí ni ihò ń ṣe nísàlẹ̀? Ẹni tó ti ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè ti mọ̀ ọ́n: gáàsì wúwo, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, kí ó rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀ kó tó pọ̀ jọ ni.

Ìdánwò tó ń bá ọmọ Ìbàdàn kò sì ṣàì bá àwọn náà. Ẹni tí ilé onítáyà rẹ̀ kéré, tí iwájú rẹ̀ kò gba ju sílíńdà kan lọ, ọkàn rẹ̀ á máa sọ fún un pé kó ti sípíà sí abẹ́ ibùsùn, tàbí kó jù ú sínú búùtù mọ́tò tó ń fà á. Ìmọ̀ràn tó dára jù fún un kò le: bí kò bá sí àyè tó dájú fún un níta, kí ó fi í sílẹ̀ nílé, kí ó sì máa wo èyí tó ń lò kó tó tán.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí á gbójú fò. Láti 2023 ni ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń lo CNG ti gbòde ní Nàìjíríà. CNG kì í ṣe gáàsì ìdáná. Agbára tí wọ́n fi ń tẹ CNG mọ́lẹ̀ ju ti gáàsì ìdáná lọ ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, sílíńdà rẹ̀ sì yàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá, 2024, mọ́tò kan bú gbàù níbi tó ti ń gba CNG ní Benin City. Sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kò yẹ fún iṣẹ́ náà, ni wọ́n bá lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà àdúgbò tan òun pé irin ni irin ń jẹ́.

ÌSỌ̀ ONÍTÁYÀ NÍ AGBOWÓ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ oní-shawarma wa. Òun náà ní ilé kékeré onítáyà tirẹ̀, àní ìsọ̀ tó ń tì lọ tì bọ̀ yẹn. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn. Sílíńdà tó ń jó wà nínú rẹ̀, sípíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná wà lórí méjèèjì, òróró gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí rọ́bà bá jò díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù á gba gáàsì náà jọ fún un bí kòlòbó. Ọjọ́ tí iná bá yọjú wò ó, kò sí ẹni tó fẹ́ wà nítòsí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná owó ńlá. Kí káfíńtà tàbí wẹ́dà yọ ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò, kó fi irin oníhò sí i, kí gáàsì tó bá jò lè bọ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Kí sípíà kúrò lábẹ́ iná, kó wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ níbi tí kò sí òróró, kí wọ́n fi bẹ́líìtì dì í mọ́ irin lóòró. Kí orí rẹ̀ wà ní títì, kí ìdérí ẹnu rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.

Bí àsìkò bá tó láti pààrọ̀, kí gbogbo iná kú. Gbogbo rẹ̀! Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí pé ẹran fẹ́ jinná. Ẹ kọ́kọ́ ti èyí tó tán, kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá so sípíà tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi pò, ẹ fi ra ojú ibi tí ẹ so. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Ìṣáná kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ gáàsì wò. Oníbàárà tó bá rí i pé ẹ ń ṣe báyìí, ó lè kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ lòun wá jẹun.

Kí ọmọ ilé-ìwé náà gbọ́ o. Abẹ́ ibùsùn kì í ṣe ibùgbé sílíńdà. Inú yàrá tí èèyàn mẹ́ta ń sùn sí, tí wọ́n ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ìta ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn kò ti ń pa á, tó sì jìnnà sí gọ́tà.

BÍ KÒ BÁ SÍ Ọ̀NÀ MÌÍRÀN ŃKỌ́?

Ó rọrùn láti wí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé gáàsì sínú mọ́tò mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, ṣé orí ni kó fi rù ú? Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á wá ọ̀nà tó sàn jù.

Ọ̀nà tó dára jù ni ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi píkọ́ọ̀pù tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn ayálégbé inú ọgbà kan bá pa owó pọ̀, tí wọ́n ń gbé sílíńdà wọn lọ lọ́jọ́ kan náà, owó tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní pọ̀. Àwọn tó ń ta gáàsì pẹ̀lú lè máa gbé e dé ilé oníbàárà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ èyí ní àdúgbò rẹ̀ yóò rí oníbàárà.

Bó bá di dandan pé mọ́tò kékeré ni, sílíńdà kan péré ni kó jẹ́, kí ó sì jẹ́ mọ́tò ẹni fúnra ẹni, kì í ṣe takisí tó kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ rí i pé wọ́n wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n irin òfìfo wà lára sílíńdà náà ní kíkọ, tó bá jẹ́ kílò 14, tí wọ́n rọ kílò 12.5 sí i, kò gbọdọ̀ ju 26.5 lọ lórí ìwọ̀n. Ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ fi nǹkan há a kó má bàa ṣubú. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ pa èésì. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ẹ má yà sí ọjà, ẹ má yà kí ọ̀rẹ́, ẹ má sì fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn. Tààrà ni ilé, bí ẹ bá sì ti débẹ̀, sílíńdà ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ọmọ má tilẹ̀ tíì sọ̀.

Ọ̀kadà ńkọ́? Ẹni tó gbé sílíńdà sáàárín itan lórí ọ̀kadà, bí wọ́n bá ṣubú, irin á bá ojú títì, òun á sì wà lórí irin. Ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé.

Bí òórùn bá sì sọ nínú mọ́tò, kí dírẹ́bà má ṣe wí pé "ó kù díẹ̀ ká débẹ̀." Kí ó páàkì kúrò lójú títì, kí ó pa mọ́tò, kí gbogbo èrò sọ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti búùtù kalẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má tún ṣáná sí mọ́tò náà títí òórùn yóò fi lọ pátápátá. Kí wọ́n pe 112 láti ibi tó jìnnà. Bí iná bá ti ń jó lára sílíńdà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe akin. Sílíńdà tí iná ń jó lè bẹ́ nígbàkígbà.

TA NI YÓÒ KỌ́KỌ́ SỌ̀RỌ̀?

Láti ìgbà tí òfin Petroleum Industry Act ti jáde ní 2021, àjọ NMDPRA ló ń ṣe àbójútó àwọn tó ń ta gáàsì. Àjọ kan kò lè wọ gbogbo takisí. Àwọn tó lè ṣe é ni àwọn tó wà níbẹ̀. Dírẹ́bà ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, "Àǹtí, ẹ má bínú, n kò lè gbé e pẹ̀lú èrò." Èrò ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tó wà nínú búùtù kó tó wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò lè fi í sínú òfin gáréèjì wọn. Owó ọkọ̀ èèyàn kan tí dírẹ́bà pàdánù kò tó owó ìsìnkú.

Màmá tó jókòó síwájú takisí, tó bèèrè pé "ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?", òun ló gbọ́n jù nínú mọ́tò náà. Àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbà nígbà tí wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì pe àwọn yòókù sọ̀.

Sílíńdà méjì dára ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ra á, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí iná má kú mọ́ ìyá oní-Indomie lọ́wọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi sípíà sínú afẹ́fẹ́, lóòró, ní dídì, ní títì, kó má sì bá èèyàn gbé inú àpótí kan náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.